Ọmọ etí odò tí ò mọ̀wẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, okun o, bá a ṣe ń kíni nílé wa nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti kọ nǹkan síbí, ẹ má bínú, iṣẹ́ Àbújá ló dà mí láàmú, àmọ́ mo ráyè délé lóṣù kẹjọ, ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni mo lò, mo sì kó ìtàn bọ̀. Ìtàn omi ni o, kì í ṣe omi ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ná. Ọmọ Ìjùmú ní ìpínlẹ̀ Kogi ni mí. Àárín àpáta nìlú wa wà, ibi tó o bá kọjú sí òkè ni, odò sì wà lẹ́yìn ilé wa, kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí lọ́dún yìí, mi ò sì mọ̀wẹ̀. Kì í ṣe pé mo mọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀ o, mi ò mọ̀ ọ́n rárá ni, tí omi bá ti gun orúnkún mi báyìí àyà mi á ti máa já, màá ti máa wá nǹkan tí màá dì mú. Àwọn ará Èkó tá a jọ ṣe àgùnbánirọ̀ rò pé gbogbo ọmọ abúlé ló mọ̀wẹ̀, wọ́n á ní ṣebí etí odò lẹ ti dàgbà. Màá kàn rẹ́rìn-ín ni. Wọn ò mọ màámi.

Nígbà tí mo wà bí ọmọ ọdún méje, ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa, ó jù mí lọ dáadáa, ó sì mọ̀wẹ̀ bí ẹja, ó lọ sí ibú abẹ́ àpáta lọ́jọ́ kan lẹ́yìn òjò ńlá, kò padà wálé. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ torí ìyá rẹ̀ ṣì wà. Látọjọ́ náà ni màámi ti fòfin de odò. Wọ́n ní ikú ogun ní ń pa akíkanjú, ikú odò ní ń pa òmùwẹ̀, nítorí náà ẹni tí ò bá mọ̀wẹ̀ ní tiẹ̀, omi ò ní rí i pa. Ẹ gbọ́ irú àlàyé yẹn! Ẹ ò sì lè parọ́ fún wọn o. Tá a bá wọlé lọ́sàn-án wọ́n á ní wá níbí, wọ́n á fi èékánná ha ojúgun ẹ fẹ́ẹ́rẹ́, tó bá ti fa ìlà funfun bíi ti ẹfun, ó parí, o ti lọ sódò nìyẹn, torí ara tó bá pẹ́ lómi tó wá gbẹ lóòrùn ló máa ń hu irú funfun bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìyá ìgbà yẹn ló mọ ọgbọ́n yìí, àbí tiyín ò ṣe é ni? Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa ń tọ́jú àdí sínú igbó, wọ́n á fi pa ẹsẹ̀ kí wọ́n tó wọlé, àmọ́ ẹsẹ̀ ọmọ ọkùnrin tó ń dán yinrin lọ́sàn-án gangan, ìyẹn gan-an ti di ẹjọ́ mìíràn.

Ibú tí mò ń wí yẹn, àpáta kan ló wà lókè ẹ̀, ó pá borí bí orí bàbá àgbà, kò sí igi kankan lórí ẹ̀. Tí òjò bá rọ̀ dáadáa, ẹ ó rí omi funfun tó ń já bọ̀ láti orí ẹ̀, láti ojú títì lẹ ti máa rí i, bí òwú báyìí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé mo rò pé wọ́tafọ́ọ̀lù gidi nìyẹn, irú èyí tí wọ́n máa ń yà sára kàlẹ́ńdà. Àmọ́ kò ní lò ju ọjọ́ kan ààbọ̀ lọ tó máa fi gbẹ, tó bá sì di ìgbà ọyẹ́, ibi tí omi gbà já yẹn á kàn dúdú sára òkúta bí ìgbà téèyàn da ẹ̀lú sí i. Ibú nìkan ló máa ń ṣẹ́ kù nísàlẹ̀. Bí omi bá ṣe ń já sójú kan náà látọdúnmọ́dún, òkúta wẹ́wẹ́ tó bá bá a wá á máa yí nínú ihò yẹn, á máa lọ̀ ọ́ bí ẹni ń lọ ata, títí tó fi jìn bí odó. Odó tó gba èèyàn ogún o.

Ẹni tó ṣàlàyé èyí fún mi ni Bọ̀dá Tíṣà, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tíṣà ni wọ́n ní Kàbbà, ẹ má dààmú, ẹ ṣì máa gbọ́ orúkọ wọn dáadáa níwájú.

Àbúrò mi obìnrin ló mú ọ̀rọ̀ Ìkọ́gòsì wá. Òun àti ọkọ ẹ̀ àtàwọn ọmọ méjì wá láti Ado-Èkìtì, ó ní gbogbo ìgbà tí mo bá wálé inú ilé ni mo máa ń jókòó sí bí ẹni tó ń ṣọ́ gàrí, pé ká bá wọn padà ká lọ ṣe fàájì. Màámi ní omi kí lẹ fẹ́ lọ wò. Àbúrò mi ní omi gbígbóná ni, Màámi, bí ẹni ń lọ hòtẹ́ẹ̀lì ni. Bí wọ́n ṣe gbọ́ pé ó gbóná, ara wọn wálẹ̀ díẹ̀. Mo rò pé lójú wọn omi gbígbóná ò lè gbé èèyàn lọ, inú báàfù lomi gbígbóná máa ń wà.

Ẹ̀rín tiẹ̀ pa mí torí bàbá mi, Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, ẹni tó fẹ́ràn omi ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n wà níléèwé wọ́n kó wọn lọ wo Òwu, omi ńlá tó ń já ní Ọ̀wá-Kájọlà níjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ìpínlẹ̀ Kwara kan náà ni gbogbo wa nígbà yẹn, kí wọ́n tó gé wa kúrò ní 27 August 1991 tí wọ́n fi wá sí Kogi. Wọ́n máa ń sọ ọ́ títí tí wọ́n fi kú, pé ẹ ó ti máa gbọ́ ariwo ẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí i, pé ìrì omi yẹn lásán á ti rin aṣọ yín. Fọ́tò kan wà níbi tí wọ́n ti dúró pẹ̀lú ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbọ̀ọ̀rọ̀, omi ń dà lẹ́yìn wọn. Àwọn ará Ìyàgbà lọ́wọ́ Ẹ̀gbẹ̀, ẹ̀yin lẹ súnmọ́ ibẹ̀ jù wá lọ, ṣé ẹ tiẹ̀ máa ń lọ? Ẹ má wí fún mi pé ẹ ò lọ rí.

Ó dáa, ká máa lọ. Èèyàn mẹ́fà nínú Sienna, èmi, àbúrò mi, ọkọ ẹ̀, ọmọ méjì, àti Bọ̀dá Tíṣà tí wọ́n ní àwọn ò ní ṣe nǹkan kan nílé tórí pé wọ́n wà ní họlidé. A gba Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ lọ Ìyámọ̀yè, a wọ Òmùò, Èkìtì bẹ̀rẹ̀. Ohun kan tó máa ń dùn mọ́ mi lójú ọ̀nà yẹn ni èdè, tẹ́ ẹ bá ń dúró ra nǹkan bí ẹ ṣe ń lọ, ẹ ò ní mọ ibi tí tiwa ti parí tí tiwọn ti bẹ̀rẹ̀, ìyá kan tá a rà ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ ní Òmùò, mo kí i ní tiwa, ó dá mi lóhùn ní tiẹ̀, kò sí ìkankan nínú wa tó ṣẹ́jú. Ìkọ̀lé, Ado, a sùn síbẹ̀, ilẹ̀ mọ́ a gba Arámọkọ wọ Ìkọ́gòsì. Títì náà, mi ò ní sọ̀rọ̀ ẹ̀, ẹ̀yin náà ń gbé Nàìjíríà.

Ẹ wò ó, mo ti rí fọ́tò Ìkọ́gòsì tó ìgbà ẹgbẹ̀rún, mi ò rò pé nǹkan kan ṣì máa yà mí lẹ́nu níbẹ̀. Ẹ wọlé tán, ẹ san owó géètì, igi ńláńlá ló bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀ tó fi jẹ́ pé oòrùn ń yọjú bí ẹni ń ṣọ́ni ni. Ẹ ó wá rí omi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó ń ṣàn bọ̀, ọ̀kan láti apá ibí, ọ̀kan láti apá ọ̀hún, wọ́n pàdé. Ó tán. Kò ní ariwo kankan. Mo fẹ́ máa ráhùn pé ṣé èyí la tìtorí ẹ̀ jókòó wákàtí mẹ́rin, ni Bọ̀dá Tíṣà bá ní kí n bọ́ bàtà. Mo fi ẹsẹ̀ ọ̀tún sí ọ̀kan, ó lọ́wọ́ọ́rọ́ bí omi tí wọ́n sè fún ọmọ tuntun. Mo fi ẹsẹ̀ òsì sí èkejì, otútù! Mo pariwo. Níbi tí wọ́n sì ti pàdé yẹn, wọn ò tíì dàpọ̀ o, wọ́n ń ṣàn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kálukú pẹ̀lú ìwà ẹ̀, tẹ́ ẹ bá na ọwọ́ sí i ẹ lè fi ìka mọ ààlà.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé ìyàwó ọdẹ kan ni àwọn méjèèjì, ìyáálé àti ìyàwó, pé ọ̀kan nínú wọn ò ní sùúrù, inú ẹ̀ máa ń gbóná, èkejì tutù bí omi àmù, wọ́n jà jà jà títí wọ́n fi di omi, ọkọ wá di òkè tó dúró tì wọ́n. Ọkọ àbúrò mi ní òun káàánú ọkùnrin yẹn. Àbúrò mi wò ó. Ó dákẹ́.

Ẹ ó ka á káàkiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé omi gbígbóná yẹn jẹ́ 70 degree níbi orísun ẹ̀. Ẹ gbàgbé ẹ̀ jàre. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tó fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n rí nǹkan bíi 38, ìyẹn ni pé kò fi bẹ́ẹ̀ ju ara èèyàn lọ, tó bá jẹ́ 70 lóòótọ́ ni, ẹsẹ̀ mi ọ̀tún ì bá ti bó bí ẹsẹ̀ adìẹ tí wọ́n fẹ́ tu ìyẹ́ ẹ̀. Kò sí iná kankan lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, kì í sì í ṣe òkè tó ń yọ iná. Òjò ló wọ inú ilẹ̀ látinú àlàfo òkúta, ó wọlẹ̀ jìnnà gan-an, bí èèyàn bá sì ṣe ń wọlẹ̀ sí i ni ilẹ̀ ń móoru sí i, ó wá rí ojú ibòmíràn gbà jáde kíákíá kó tó tutù. Èyí tó tutù ò lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ ni. Òkúta Èkìtì apá ibẹ̀ ń lanu, ó ń gba omi, ó ń tọ́jú ẹ̀, ó ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tọ́dún fi yípo. Tiwa ní Ìjùmú, bí páànù ni, òjò rọ̀ sórí ẹ̀, ó dà á nù. Bọ̀dá Tíṣà ní òkè kan náà ló so Ìkọ́gòsì pọ̀ mọ́ Ìpólé àti Ẹ̀fọ̀n títí dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà níbi tí omi Olúmirìn ti ń já, ìdí nìyẹn tí omi fi pọ̀ lọ́nà yẹn, wọ́n ní quartzite ni wọ́n ń pe irú òkúta ẹ̀. Ara mi balẹ̀ díẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn torí mo ti ń jowú. Ilẹ̀ ló fún wọn. Àmọ́ ilẹ̀ kọ́ ló kọ́ bẹ́ǹṣì tí mo jókòó lé o, ilẹ̀ kọ́ ló ṣe púùlù. Àwọn míṣọ́nnárì Baptist ti ṣí ibùdó síbẹ̀ láti bí ọdún 1950 sókè, wọ́n sì ti rọ omi ẹ̀ sínú ike tà, Gossy tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn, orúkọ ìlú ni wọ́n gé kúrú. Lọ́dọ̀ tiwa, àlejò ń wá sí Ògìdì, ìlú Màmá Nike Okundaye oníṣẹ́ ọnà, wọ́n á wo aṣọ òfì, wọ́n á wo àwòrán, wọ́n á ya fọ́tò òkè, wọ́n á wọkọ̀. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún wọn pé omi wà níbì kankan. Ẹ jẹ́ n fi í sílẹ̀ kí n má baà bínú.

Púùlù. Omi gbígbóná yẹn náà ni wọ́n darí wọ inú ẹ̀. Mo wọ lẹ́gíìnì àti T-shirt dúdú, mo fi nylon di irun mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di kíkó ọ̀hún ni, owó ẹ̀ ò kéré. Àwọn ọmọ àbúrò mi ti bẹ́ sínú omi kí n tó bọ́ bàtà. Èyí obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, lúwẹ̀ẹ́ kọjá níwájú mi, ó yíjú, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ̀rù ń bà yín ni?"

Mo ní rárá o. Mo di irin mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ lé kúrò nílé.

Bọ̀dá Tíṣà ò fi mí ṣẹ̀sín. Wọ́n ní, "Kò sẹ́ni tó máa gbé ẹ sínú jíjìn. Ki ojú bọ omi, kí o fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde, kí o kà dé mẹ́wàá." Ìyẹn nìkan fún odindi ìdajì wákàtí. Mo mu omi, mo wúkọ́, imú mi ń ta. Nígbà tó yá wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀ sórí omi, kí n kọ ẹ̀yìn sí i. Mo ní Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n pọ̀n ẹ́ rí? Ọmọ tí wọ́n pọ̀n kì í na ọrùn. Sọ orí ẹ sílẹ̀." Ọ̀rọ̀ yìí ló wọlé sí mi lára o. Mo sọ orí sílẹ̀, etí mi wọ inú omi, gbogbo ariwo ibẹ̀ pa, mo kàn ń gbọ́ èémí ara mi, ewé ń mì lókè, omi náà lọ́wọ́ọ́rọ́ débi pé mi ò mọ ibi tí ara mi ti parí mọ́. Ìgbà tí mo máa wò ó, ọwọ́ Bọ̀dá Tíṣà ti kúrò lẹ́yìn mi, wọ́n dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ká apá. Bí mo ṣe rí i báyìí ni mo rì. Àmọ́ mo ti léfòó ná, ẹnikẹ́ni ò lè gbà á lọ́wọ́ mi. Títí di ìrọ̀lẹ́ la wà níbẹ̀, èmi tí mo ní mi ò wọlé, èmi ni wọ́n bẹ̀ kí n jáde.

Ọjọ́ kejì a lọ sí Àrìnta ní Ìpólé-Ìlórò, kò jìnnà síbẹ̀. Ẹ má retí òmíràn tó lọ́wọ́ọ́rọ́ o. Àárín igbó ni, òkè gíga, omi ń já láti ìpele kan bọ́ sí ìkejì, ariwo ẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀ kan, ó tutù débi pé eyín mi ń lu ara wọn. Nǹkan kan tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé òkúta tó bá ti ní àwọ̀ ewé lára, ẹ má gbẹ́sẹ̀ lé e, kì báà fẹ̀ bí tábìlì, ọkọ àbúrò mi tó ní òun ti ń gun òkè láti kékeré, ìdí ló fi wálẹ̀, omi sì gbé sílípáàsì ẹ̀ ọ̀kan lọ, ẹsẹ̀ lásán ló fi rìn padà sí mọ́tò. Níbi tómi ti ń já gangan, ẹ lè dúró sétí ẹ̀ kó máa rọ́ lu yín léjìká, ó ń dùn bí ìgbà tí wọ́n ń fọwọ́ gún èèyàn lẹ́yìn, àmọ́ abẹ́ ẹ̀ gan-an kọ́ lèèyàn ń lọ o, omi tó bá já wọlé á máa yí padà nísàlẹ̀, á máa fa nǹkan mọ́lẹ̀, òmùwẹ̀ gan-an ń sá fún un.

Nǹkan kejì ni amùkúrù. Kòkòrò dúdú kékeré yẹn, ẹ ò ní gbọ́ ohùn ẹ̀ bí ẹ̀fọn, ẹ ó kàn rí ẹ̀jẹ̀ tó tò lẹ́sẹ̀ yín. Omi tó ń sáré ló fẹ́ràn láti yé ẹyin sí, tó fi jẹ́ pé ibi tí omi bá ti dára jù láti wò nibẹ̀ ni tiẹ̀ pọ̀ sí. Òun ló ń gbé àrùn tó ń fọ́ni lójú létí odò. Ọmọ Kogi èwo ni kò mọ Mectizan, oògùn àrùn yẹn? Ọ̀pá ni wọ́n máa fi wọn gíga ẹ kí wọ́n tó mọ iye hóró tó o máa mì, àwa ọmọdé á máa na ọrùn kí wọ́n lè fún wa ní púpọ̀ bí ẹni pé súìtì ni. Láti 1987 ni iléeṣẹ́ Merck ti ní àwọn á máa fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Wíwẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ò ní fọ́ yín lójú o, ẹ má bẹ̀rù, ẹni tó ń gbé ibẹ̀ tí amùkúrù ń jẹ lọ́dọọdún ló kàn. Àmọ́ ẹ wọ ṣòkòtò gígùn tẹ́ ẹ bá ti jáde nínú omi. Èmi ò wọ̀ ọ́, mo ń họ ara dé Ado.

A ò ráyè dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà mọ́. Ìpele méje ló wà níbẹ̀, orúnkún mi ò gbà.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tá a dé ilé, tí mo jẹ iyán tán, mo jókòó síta, mo ń wo àpáta yẹn. Mo ní, "Bọ̀dá, ṣé a lè lọ síbẹ̀?" Wọ́n mọ ibi tí mò ń wí. Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ọ̀rẹ́ wọn lọmọ yẹn, mi ò rántí àfìgbà tí mo ti sọ ọ́ tán. Wọ́n ní àwọn náà ò tíì wọ inú ẹ̀ látìgbà yẹn.

Òru ọjọ́ náà gan-an lòjò rọ̀. Ilẹ̀ mọ́, oòrùn ràn gbọ̀ngbọ̀n, ojú ọ̀run mọ́ kedere, èmi ti múra. Bọ̀dá Tíṣà ní ká kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ bàbá kan tí oko wọn wà lápá òkè odò, ọdẹ ni wọ́n, wọ́n ti dàgbà gan-an. A kúnlẹ̀ kí wọn, okun o bàbá, wọ́n béèrè ọmọ ta ni mí, mo sọ fún wọn, wọ́n kì mí dé ọ̀dọ̀ bàbá bàbá mi. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní rárá. Wọ́n ní oòrùn tẹ́ ẹ̀ ń wò níbí kò kan omi, òjò tó wà lórí òkè lọ́hùn-ún ló kàn án, ó lè má kán lórí yín rárá kí odò sì dé bá yín. Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá wà nínú omi tẹ́ ẹ wá rí i tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tàbí tí ewé àti igi wẹ́wẹ́ ń bá a bọ̀, tàbí tí ohùn ẹ̀ kàn yí padà, ẹ má mú aṣọ o, ẹ gun òkè. Wọ́n ní báyẹn ló ṣe ṣẹlẹ̀ nígbà yẹn. Oòrùn ràn lọ́jọ́ náà.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń gbọ́ ìtàn yẹn, wọ́n ní iwin ni, wọ́n ní ọmọ náà ya aláìgbọràn, màámi ní mímọ̀ tó mọ̀wẹ̀ ló pa á. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ pé oòrùn ràn.

A dúró fọ́jọ́ méjì. Ọjọ́ kẹta bàbá fúnra wọn ránṣẹ́ pé odò ti mọ́. Bọ̀dá Tíṣà gbé okùn, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo méjì tí wọ́n dé ẹnu ẹ̀ pa, wọ́n ní ìyẹn ni life jacket tiwa. Wọ́n gé ọparun gígùn, wọ́n fi ń wọn ibú káàkiri, torí gbogbo ìgbà tí àgbàrá bá ti wá ni nǹkan máa ń yí padà nísàlẹ̀, ibi tó jìn lésìí lè ti kún fún yanrìn, igi sì lè ti há síbẹ̀, ẹni tó bá fi orí bẹ́ sínú omi tí kò rí ìsàlẹ̀ ẹ̀, ìyẹn tọrọ ni. Àwọn ọmọ fẹ́ lọ máa ṣeré nísàlẹ̀ odò níbi tómi ti dákẹ́ rọ́rọ́ tí wọ́n ti ń fọ aṣọ, wọ́n ní ẹ má débẹ̀, ibi tómi ò bá ti sáré tí ìgbín kéékèèké wà nibẹ̀ lèèyàn ti ń kó àtọ̀sí ajá, ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀. Ṣé ẹ rí i bí ayé ṣe rí, omi tó ń sáré ní amùkúrù, omi tó dúró ní ìgbín.

Mo wọ inú omi. Kò lọ́wọ́ọ́rọ́ bíi ti Ìkọ́gòsì, kò sì tutù bíi ti Àrìnta, omi ilé ni. Àwọ̀ ẹ̀ bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí, mò ń rí ẹsẹ̀ ara mi títí dé orúnkún, lẹ́yìn ìyẹn ó ṣókùnkùn. Mo di kẹ́ẹ̀gì mọ́ àyà, mo ń fi ẹsẹ̀ tapá, Bọ̀dá Tíṣà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọn ò sọ̀rọ̀. Nígbà tá a dé àárín, mo fẹ̀yìn lé omi, mo sọ orí mi sílẹ̀. Àpáta yẹn dúró lókè mi gbàgàdà, mi ò rí i láti ibẹ̀ yẹn rí láyé mi, omi kékeré kan ṣì ń sun lára ẹ̀, ó ń kán tó, tó, tó, ẹyẹ àlápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń fò wọlé jáde níbi ihò kan. Àyà mi já díẹ̀, mi ò ní parọ́, mo ro ti ọmọ yẹn. Mo mú orúkọ ẹ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́nu. Mo fi ẹsẹ̀ tapá, mo dé òdì kejì, mo fi ọwọ́ kan òkúta, mo padà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo lọ tí mo bọ̀. Ìkẹta, mi ò mú kẹ́ẹ̀gì.

A gba ẹ̀yìnkùlé wọlé bí olè. Màámi jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Mo ní Màámi ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ní, "Níbo lo ti ń bọ̀?" Mo ní a lọ kí bàbá ọdẹ. Irọ́ kọ́. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, irun mi ti gbẹ, aṣọ mi ti gbẹ, ọkàn mi balẹ̀, mo ti ń kọjá lọ.

Wọ́n ní, "Wá níbí."

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n o, tó ń sanwó ilé fúnra ẹ̀ l'Ábújá. Mo lọ dúró níwájú wọn. Wọ́n nu ọwọ́ mọ́ ìró, wọ́n na ìka, wọ́n fi èékánná ha ojúgun mi fẹ́ẹ́rẹ́, ó fa ìlà kan gbọọrọ, funfun báláú.

Wọn ò gbé ojú sókè. Wọ́n ń wo ìlà yẹn ṣáá. Bọ̀dá Tíṣà ti sá wọlé, àgbàlagbà yẹn.

Nígbà tó pẹ́, wọ́n fa igbá ẹ̀gúsí wọn mọ́ra padà. Wọ́n ní, "Àdí àgbọn wà lórí fèrèsé. Lọ fi pa á, kí ara má baà máa họ ẹ́."